Omi Wọ́n, Káńsù Ń Wòran

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú Ìbàdàn lónìí, omi ti wọ inú ìṣirò owó oúnjẹ. Ìyá tó ń ka owó gàrí, ẹ̀wà àti epo pupa láàárọ̀ gbọ́dọ̀ ka owó kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ọn. Ẹni tó ń wá ilé tí yóò háyà kì í béèrè iye owó ilé nìkan mọ́. Ó máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Bí onílé bá ní ó wà, ìbéèrè á tún tẹ̀lé ìbéèrè. Ṣé kànga ni àbí bọ́hóòlù? Ṣé kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn? Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fà á? Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá omi ẹ̀rọ ìjọba ń yọ níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé ìlú ti gba kámú. Inú ń bí àwọn èèyàn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀, nídìí ọmọlanke omi àti níbi ìpàdé àwọn onílé: wọ́n ní àwọn ni gómìnà ara àwọn, àwọn ni káńsù ara àwọn, àwọn ló ń dáwó ra tíráńsífọ́mà, àwọn ló ń di kòtò ojú ọ̀nà, àwọn náà ló ń gbẹ́ omi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èyí tí a fẹ́ fi kún un ni pé ará ìlú kò kọ̀ láti sanwó omi. Wọ́n ń san án lójoojúmọ́, wọ́n sì ń san ju ohun tí ìjọba kankan lè ní ìgboyà láti bù lé wọn lọ. Àwọn tí owó náà ń bọ́ sí lọ́wọ́ kò jẹ wọ́n ní àlàyé kankan. Àwọn tó jẹ wọ́n ní àlàyé, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn káńsù, káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ẹnì kan nílò omi tó tó lítà 50 sí 100 lóòjọ́ fún mímu, oúnjẹ, ìwẹ̀ àti fífọ nǹkan, wọ́n sì ní owó omi kò yẹ kó ju 3 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìdílé. Ká mú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ká fún wọn ní èyí tó kéré jù nínú ìwọ̀n náà. Lítà 300 ni wọn yóò lò lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá jẹ́ 100 náírà péré, ó di 1,200 náírà lóòjọ́, ó di 36,000 náírà lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 80,000 náírà. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, 2,400 náírà ni omi yẹ kó gbà nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣún un lò, tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, tí wọ́n ń fi omi tí wọ́n fi fọṣọ da ilé ìyàgbẹ́, tí kẹ́ẹ̀gì méjìlá wá di mẹ́fà: 18,000 náírà ṣì ni lóṣù. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù náà lọ, a ò sì tíì ka omi inú ọ̀rá tí wọn yóò rà mu.

Omi mímu náà ní ìṣirò tirẹ̀. Píọ̀ wọ́tà tí à ń rà ní 5 náírà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti di 50 náírà lẹ́yọ. Ìdajì lítà ló wà nínú ọ̀rá kan, nítorí náà ẹni tó ń rà á lẹ́yọ ń ra lítà kan ní 100 náírà. Olówó tó gbẹ́ bọ́hóòlù sílé ti náwó ńlá lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ bí a bá pín in sí lítà kọ̀ọ̀kan tó ń lò, omi rẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó ní táńkì ńlá lè ra odindi tánkà kan, kí owó rẹ̀ dín. Ayálégbé inú yàrá kan ṣoṣo, tí kò ní ibi tí yóò gbé ju kẹ́ẹ̀gì méjì sí, ni yóò máa rà á ní wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ ló sì wọ́n jù. Bí ètò omi wa ṣe wà báyìí, bí èèyàn bá ṣe tòṣì tó ni lítà omi rẹ̀ ṣe máa wọ́n tó.

A kì í bá ẹni tó ń ti ọmọlanke omi jà. Kò sí nínú àwọn tó sọ omi di ọ̀wọ́n. Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, iná mànàmáná àwọn tí wọ́n kà sí ìpele kìíní fò láti 68 náírà sí 225 náírà fún ìwọ̀n kan. Iná tàbí epo ló ń fa omi jáde nínú ilẹ̀, epo ló ń gbé e dé ilé. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fò, kẹ́ẹ̀gì kò lè dúró sójú kan. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ń ra ọ̀rá, ó ń ra epo, ó ń san owó òṣìṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń já lé ẹni tó gbé ike dúró.

Ìdí tí a fi ń gbé ike dúró ni ká béèrè. Ìlú tó ní omi ẹ̀rọ ni Ìbàdàn tẹ́lẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé. Ìsédò Àṣèjírẹ́, lórí odò Ọ̀ṣun, dé ní ọdún 1972. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà tó ní ìlú yìí lè júwe ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta àdúgbò rẹ̀, tí àwọn ọmọ máa ń tò sí lẹ́yìn iléèwé. Látìgbà Àṣèjírẹ́, ìlú ti gbòòrò dé ibi tí oko wà nígbà náà. Àwọn páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti gbó, iṣẹ́ ọ̀nà ti gé òmíràn, bẹ́ẹ̀ iná tí yóò ti omi láti ibi ìsédò dé orí òkè kò dúró. Àìsàn Ìbàdàn nìkan kọ́. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ní ọdún 1990, ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ní omi ẹ̀rọ nínú ọgbà ilé; nígbà tó fi di ọdún 2015, kò pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá mọ́. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ìlú ń dàgbà, omi ẹ̀rọ ń rẹ̀yìn.

Ohun tí ìjọba fi dípò rẹ̀ ni bọ́hóòlù. Káńsẹ́lọ̀ gbẹ́ tirẹ̀, alága káńsù gbẹ́ tirẹ̀, aṣòfin náà gbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gbé táńkì sórí irin, wọ́n kọ orúkọ sí i gàdàgbà, wọ́n gé téèpù, wọ́n ya fọ́tò. Àmọ́ orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gún bá níbikíbi tó bá wù ú. Ibi tí àpáta bá ti jẹrà tàbí tó bá ti sán ló máa ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí bọ́hóòlù kan fi lè máa tú omi nígbà tí èyí tó wà lójúde kejì kò ju ihò lásán lọ. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí onímọ̀ yẹ ilẹ̀ wò dáadáa kó tó gbẹ́ ẹ ń fi owó ìlú ta tẹ́tẹ́ ni. Èyí tó tiẹ̀ bá omi pàdé náà nílò ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá jó, ẹni tí yóò pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ nígbà tó bá kán. Owó gbígbẹ́ máa ń wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, nítorí pé gbígbẹ́ ní fọ́tò. Títún un ṣe kò ní fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn irin ìdúró táńkì ṣe kún àdúgbò tí kò sì sí omi nínú wọn, tí ọmọlanke ń gba ìsàlẹ̀ wọn kọjá.

Ewu mìíràn tún wà tí a kì í sọ. Kànga tí kò jìn, tó súnmọ́ ṣaláńgá tàbí ṣọ́kàwè aládùúgbò, kì í fún èèyàn ní omi tó mọ́. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, tó sì pa èèyàn, gbogbo wa rántí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé omi tó dán kì í ṣe omi tó mọ́. Lẹ́yìn náà a gbàgbé. Ìgbà kan wà tí wolé-wolé máa ń wọ ilé yẹ ìkòkò omi wò, tí ilé ẹlẹ́gbin sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Abẹ́ káńsù ni iṣẹ́ ìmọ́tótó wà di òní olónìí. A fẹ́ mọ kànga mélòó ni àwọn wolé-wolé yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, bọ́hóòlù mélòó ni wọ́n bu omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àti ibi tí àbájáde rẹ̀ wà.

Ìjà owó omi kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó kí àwọn ará ìlú sì máa sanwó rẹ̀, Èkó gbaná. Ọdún náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Àwọn èèyàn ní kànga àwọn tó àwọn ún mu, wọ́n ní àwọn òyìnbó ni yóò jàǹfààní omi náà jù. Ìjọba kò gbọ́. Ọdún 1910 ni ìtàn ilé iṣẹ́ omi Ìjú bẹ̀rẹ̀. Ìjà náà kò sì tán, nítorí ó tún rú jáde ní ọdún 1916 nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà, ó sì kan Ọba Eṣùgbàyí Elékò.

Àwọn ará Èkó ìgbà náà kọ̀ láti sanwó omi tí wọ́n ní àwọn kò bèèrè. Àwa ń sanwó omi tí a bèèrè, ìjọba kò sì gbé e wá. Àmọ́ wọ́n fi ohun kan jù wá lọ: wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Gómìnà kan ni, òfin kan ni, owó kan ni. Tiwa ti fọ́n ká. À ń san díẹ̀ fún ọlọ́mọlanke, díẹ̀ fún onítánkà, díẹ̀ fún ilé epo, díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mànàmáná, díẹ̀ fún onílé. Bí owó ṣe fọ́n ká ni ìbínú náà ṣe fọ́n ká, ìbínú tó fọ́n ká kì í sì í mi àga ẹnikẹ́ni. Ayálégbé ń bá onílé jà, onílé ń bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe jà, aya ń bá ọkọ jà lórí owó kẹ́ẹ̀gì, alága káńsù sì ń sùn.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú alága, ó ní ìdáhùn méjì. Èkíní ni pé omi kì í ṣe iṣẹ́ káńsù. Ó ní ohun tó rí dì mú. Àlàkalẹ̀ Kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ọjà, ibùdókọ̀ àti ibi ìsìnkú dé orí gọ́tà, ìdọ̀tí àti ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, kò sì dárúkọ omi mímu. Àjọ omi ìpínlẹ̀ ló ni ìsédò, òun ló ni páìpù ńlá. A gbà. Àmọ́ òfin kan náà ní káńsù gbọ́dọ̀ kópa nínú ètò ìlera, kò sì sí ìlera níbi tí omi kò bá sí. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé àwọn fúnra wọn ló ń ṣèlérí bọ́hóòlù nígbà ìpolongo. Ẹni tó fi omi tọrọ ìbò kò lè dórí àga kó ní omi kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Ìdáhùn kejì ni pé kò sówó. Èyí náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà kan, nítorí inú àpò tí ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ní ni owó káńsù máa ń bá lọ, tí owó oṣù olùkọ́ àti owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì á ti gbà nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti pé gómìnà kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti dì í mú. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, owó tí Àbújá ń pín fún ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lóṣooṣù ti pọ̀ sí i gan-an. Ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye tó kan káńsù kọ̀ọ̀kan jáde. Epo tó sọ omi di ọ̀wọ́n lọ́wọ́ ará ìlú ló sọ àpò ìjọba di ńlá. Alága tó bá gbà pé wọ́n ṣì ń di owó òun mú ní láti sọ ọ́ síta, kó dárúkọ ẹni tó dì í mú. Èyí tó dákẹ́ ti yan ẹ̀gbẹ́ tó wà.

A mọ ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́. Níbi ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dì ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ẹgbẹ́ òṣèlú PDP tó ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà ló kó gbogbo àga alága 33. Ní Èkó, ní oṣù Keje, ọdún 2025, APC tó ń ṣèjọba níbẹ̀ ló kó gbogbo àga alága 57. Ẹgbẹ́ yàtọ̀, àbájáde jọra. Ẹni tí gómìnà gbé dé orí àga kì í bi gómìnà léèrè owó, káńsẹ́lọ̀ tó sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló yan òun, kì í ṣe àdúgbò, kò ní ìdí láti wá mọ ìgbà tí ẹ̀rọ omi àdúgbò kú. Ìdí tí ọ̀rọ̀ omi kò fi ní etí tó ń gbọ́ ọ nìyẹn. Agbára káká ni a fi lè rí alátakò nínú ilé tí yóò dìde béèrè ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, àwọn ohun tí à ń béèrè nìyí, kò sì sí èyí tó ń dúró de owó Báńkì Àgbáyé nínú wọn.

Kí káńsù kọ̀ọ̀kan ka gbogbo bọ́hóòlù tí wọ́n fi owó ìlú gbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì: èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó kú, ọdún tó kú, iye tí yóò gbà láti jí i. Kí wọ́n má ṣe gbẹ́ tuntun kan ní wọ́ọ̀dù tí òkú bá ṣì wà níbẹ̀. Kí apá kan nínú owó tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún omi jẹ́ ti àtúnṣe nìkan.

Kí wọ́n fa ìdí omi kọ̀ọ̀kan lé àwọn tó ń pọn ọ́n lọ́wọ́, pàápàá àwọn obìnrin, nítorí àwọn àti àwọn ọmọ ló ń gbé ike. Kí ìgbìmọ̀ àdúgbò máa gba owó táṣẹ́rẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ iye rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, kí wọ́n máa ka ìwé owó náà ní gbangba lóṣooṣù. Omi ọ̀fẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Omi tó ní owó kékeré àti ìwé owó ṣíṣí máa ń pẹ́.

Kí wolé-wolé padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n máa yẹ kànga àti bọ́hóòlù wò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, kí ará ìlú sì mọ àbájáde rẹ̀. Kí káńsù sì yéé sọ omi di ibi ìpawó. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá já fún onítánkà, ẹni tó ń ra kẹ́ẹ̀gì ni yóò san án lẹ́yìn ọ̀la.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni a bu èyí tó wúwo jù fún, nítorí bọ́hóòlù kò lè bọ́ ìlú tó tó Ìbàdàn láéláé. Kí àjọ omi sọ àdúgbò tí omi Ẹlẹ́yẹlé àti Àṣèjírẹ́ ń dé lónìí, àti ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n ṣe àtúnṣe páìpù ní àdúgbò dé àdúgbò, pẹ̀lú ọjọ́ tí a lè fi mú wọn. Kí ẹ̀rọ ìkóríta padà sí àdúgbò àwọn tí kò ní agbára láti fa omi wọlé. Bí omi bá ń yọ, èèyàn yóò san owó rẹ̀. Ẹni tó ń san 18,000 náírà fún ọlọ́mọlanke kò ní sá fún ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Ará ìlú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ onílé tó ń dáwó tíráńsífọ́mà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ akápò. Kí wọ́n gbé ìwà yẹn lọ sí sẹkitéríàtì káńsù. Kí wọ́n lọ ní àgbájọ, kí wọ́n mú lẹ́tà lọ́wọ́, kí wọ́n béèrè iye tí Àbújá fi ránṣẹ́ àti iye tó dé ìdí omi. Alága tó bá ní kò sówó, kó ṣí ìwé owó rẹ̀. Èyí tí kò bá lè ṣí i kò yẹ kó tún rí ìbò wa gbà, ẹgbẹ́ yòówù kó gbé e wá.